Kí Ìtàn Ìlú Má Ṣe Gbé Inú Kọ̀ǹpútà Kan Ṣoṣo

Ìtàn Obbo-Ayégúnlẹ̀ kò parun láyé àtijọ́, nítorí pé ẹnu púpọ̀ ni ó ń gbé. Lónìí, ìwé ìpàdé, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti àwòrán àwọn àgbà ìlú lè wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé kan péré. Ewu ńlá ni.

Lóòótọ́, bí a bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Orúkọ fáìlì ni ẹ̀rọ yọ. Ohun tí a kọ ṣì wà lórí hard drive títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Kí onítọ̀hún dáwọ́ lílo ẹ̀rọ náà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ké sí onímọ̀. Àwọn SSD tuntun kì í sábà fún ni láǹfààní yìí.

Ṣùgbọ́n ìwòsàn kò tó ìdènà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Yunifásítì Kyoto ní Japan pàdánù fáìlì bíi mílíọ̀nù 34, nígbà tí ètò tí ó yẹ kí ó máa ṣe ẹ̀dà wọn pa wọ́n rẹ́.

Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu púpọ̀ ni kí ìtàn tún máa gbé.