Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ilé Kí A Tó Fi Ajá Tọrẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un lónìí ni pé ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó fa ajá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bóyá àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ajá ń wá lójú ewé àṣà. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, títí dé Ẹgbẹ́dá àti Akánran ní Ọ̀nà-Àrà, a ń rí ajá tí kò ní olúwa. Ẹnìkan kó lọ sí ìgboro, ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ sí ahoro. Ẹlòmíràn gbà á ní ọmọ ajá, nígbà tí ó dàgbà tí oúnjẹ rẹ̀ pọ̀, ó lé e sí títì. Àwọn aláàánú a máa gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wọlé, wọn a sì máa wá ẹni tí yóò gbà á. Iṣẹ́ rere ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ ni a sábà máa ń fún.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ajá ju ajá lọ. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọmọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Èyí tí ó yá lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀yà, ti ọdẹ ni. Èyí tí etí rẹ̀ ṣí lóru, ti ẹni tí ń ṣọ́ ilé ni. Èyí tí ó lè fara da ìyọlẹ́nu ọmọdé ni ó yẹ agbo ilé tí ọmọ pọ̀ sí.

Èmi pàápàá ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Ọdẹ kan kú, ó fi ajá sílẹ̀. Mo gbà á, mo sì fi í fún ìyá àgbà kan tí ń sin adìyẹ ní abúlé kan nítòsí Ẹgbẹ́dá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ajá fi pa adìyẹ mẹ́rin. Màmá so ó mọ́lẹ̀. Ajá tí ó ti ń rin ìgbẹ́ láti kékeré ń ké tọ̀sán-tòru, títí ó fi já okùn, tí ó sì bu ọmọ aládùúgbò jẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀bi ajá kọ́, ẹ̀bi màmá kọ́. Ẹ̀bi èmi tí mo kàwé tí n kò sì bèèrè ọ̀rọ̀ ni. A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa, a sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi ṣọ́ ajá náà tí àìsàn kankan kò ṣe é, ọdẹ kan ní Lágelú gbà á. Títí di òní, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Ìjayà wa kì í ṣe lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi ń mú, nǹkan bí 99 ni ó ti ọ̀dọ̀ ajá kó o. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fi ajá tọrẹ, kí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹni tí ó gbà á sì máa tún un gbà fún un lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Iṣẹ́ alárinà ni iṣẹ́ yìí. Alárinà tòótọ́ a máa wádìí ìdílé méjèèjì, kì í sì í bo àbùkù ẹnìkan mọ́lẹ̀ fún ẹnìkejì. Ẹ bèèrè: ǹjẹ́ ọgbà wà? Ǹjẹ́ ewúrẹ́ àti adìyẹ wà nílé? Ta ni yóò bọ́ ọ bí baálé bá lọ sí oko? Bí a bá sì perí ajá, kí a perí ìkòkò tí a fi sè é: ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ ni olùgbà ń wá. Ẹ sọ ìwà ajá náà fún un láìfi bò. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹbí ti ń bẹ ìyàwó tuntun wò. Bí ilé náà kò bá bá a mu, ẹ gbà á padà láìsí ìjà.

Ajá tí ó ní ẹni lẹ́yìn ni ó ń pa ọ̀bọ. Kí a wá ẹni náà fún un. Kì í ṣe ẹni tí ó kàn nawọ́, bí kò ṣe ẹni tí ó yẹ ẹ́.