Ṣé ilẹ̀ náà wà fún títà lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ rírà, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ ti sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá ara wọn ní Àjàṣẹ́ wa yìí.

À ń rí i lára ògiri: «À vendre», «Parcelle non à vendre», «Terrain en litige». Àkọ́kọ́ ní títà ni, èkejì ní kì í ṣe títà, ẹ̀kẹta ní ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tí a kò kọ nǹkan kan sí kò sọ pé kò sí ẹjọ́. Ìwé ni kí ẹ bèèrè.

Ìwé pẹ̀lú kò dọ́gba. Convention ń jẹ́rìí pé ẹnì kan tà, ẹnì kan rà. Kò jẹ́rìí pé olùtà ló ni ilẹ̀. Attestation de recasement ń sọ ilẹ̀ tí ó kan ẹnì kan lẹ́yìn tí ìjọba pín ilẹ̀ sí ojúlé. Permis d'habiter, tí òfin ọdún 1960 ṣètò, fúnni láyè láti gbé ibẹ̀. Kò sọni di onílẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ẹ̀rí onílẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ́fíìsì ANDF ló ń fúnni.

Síbẹ̀, báǹkì lè ti gba ilẹ̀ tó ní titre foncier ní ìdógò. Nítorí náà, kí notaire yín kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ ANDF bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ṣe rí lónìí.

Bí olùtà bá ní ẹlòmíràn ti fi owó lélẹ̀, ẹ ní kó fi ìwé àdéhùn hàn yín. Bí ìwé bá wà, ẹ ní sùúrù títí ọjọ́ àdéhùn yóò fi kọjá. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kó yín láyà jẹ kí ẹ lè tètè sanwó.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ogún, kí gbogbo àwọn tó ni ín fọwọ́ sí i. Ọmọ kan kì í dá ogún bàbá tà.

Kí tọkọtaya jùmọ̀ wo ilẹ̀, kí wọ́n jùmọ̀ ka ìwé, kí owó tó jáde. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.