Ojú Rẹ Mélòó Ni?

Bí ọmọ káfíńtà tó ń fi ẹ̀rọ yí ẹsẹ̀ àga bá gbé fáìlì àtijọ́ dé àgbẹ̀dẹ, tó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ èyí di ṣísù," ìbéèrè àgbà ni pé: "Ọmọ mi, ojú rẹ mélòó ni?"

Fáìlì le lóòótọ́, àmọ́ kò ní sùúrù. Bí igi tó ń yí bá gbá a, ó lè ṣẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ fò mọ́ni lójú. Ojú kò sì ṣeé rà lọ́jà!

Síprìngì ọkọ̀ tó ti kán ló dáa jù. Ọ̀pá irin ìkọ́lé ńkọ́? Ìyẹn rọ̀, kì í mú pẹ́. Alágbẹ̀dẹ á fẹ ẹwìrì, á fi owú lu síprìngì bó ṣe fẹ́. Á tún dáná sí ẹnu rẹ̀ títí irin òòfà kò fi ní lè fà á mọ́, á wá rì í bọ òróró. Kì í ṣe omi o, omi lè mú kó sán.

Ibẹ̀ ni oníkánjú ti ń sáré lọ sílé. Kò tíì parí! Á nù ún kó dán, á rọra yá a níná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi pòpòrò gbígbẹ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣẹ́.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.