Ta Ni Ó Ni Ahọ́n Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ di òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ lára débi pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè mọ́ pé èdè wo ni òǹkọ̀wé náà yóò máa fi kọ̀wé. Èmi ń béèrè. Kì í ṣe pé mo kórìíra Gẹ̀ẹ́sì; kò sí ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí kò gun ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni àṣà tí ó ní kí ọmọ ogún ọdún gbé ahọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé kọ́ bí a ti ń pìtàn.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ láti Ọ̀jọ́, níbi tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ sí ní ọdún 1983, ní ayé Gómìnà Lateef Jákáńdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní Ìyànà-Ìbà ti gbọ́ èdè bíi mẹ́rin kí ó tó dé kíláàsì. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Haúsá ń dún ní Àlàbá Rago àti nínú bárékè àwọn ọmọ ogun, Ìgbò ni a sì fi ń ná ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjà Àlàbá. Kọ̀ńdọ́ ń bú èrò, èrò ń dá a lóhùn, ìyá oníṣu ń fi òwe gún oníbàárà rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ ìtàn kúkúrú nípa ohun tí ó rí lójú ọ̀nà, gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ilé-ìwé gíga. Kọ̀ńdọ́ yóò máa tọrọ àforíjì. Ìyá oníṣu yóò pa òwe rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, òwe náà yóò sì tutù bí ẹ̀bà àná. A ó wá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí bí Gẹ̀ẹ́sì náà ti já gaara tó.

Wọn yóò ní àwọn ọ̀gá ti wá ọgbọ́n sí i: Gabriel Okara fi ètò gbólóhùn Ìjọ kọ ìtàn àròsọ rẹ̀ ní 1964, Níyì Ọ̀ṣúndáre sì mú ohùn Èkìtì wọ inú ewì Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lọ́dọ̀ òbí tí ó jẹ́ àgbẹ̀, ni a ti tọ́ Ọ̀ṣúndáre dàgbà. Ohùn náà ti kún inú rẹ̀ kí yunifásítì tó rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Okokomaiko òde òní ni a ti nà ní jẹ́lé-ó-sinmi nítorí pé ó sọ Yorùbá. Kí ni a fẹ́ kí ó gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tí ń lo Gẹ̀ẹ́sì pé jọ sí Makerere ní Uganda. Ngũgĩ wa Thiong'o wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò tí ì gba oyè, ìtàn kúkúrú díẹ̀ tí ó ti tẹ̀ jáde ni ó fún un láyè láti jókòó. Ní àkókò náà, D. O. Fágúnwà ti kọ ìtàn àròsọ márùn-ún, láti Ògbójú Ọdẹ ní 1938 títí dé Àdììtú Olódùmarè ní 1961, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń kà wọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àpérò náà kò ní àga fún irú rẹ̀, nítorí èdè tí ó fi kọ ọ́. Ngũgĩ fúnra rẹ̀ ni ó padà wá tọ́ka sí àbùkù yìí. Obi Wali ti pariwo ní 1963 pé ọ̀nà tí kò já síbì kan ni lítíréṣọ̀ Áfíríkà tí a ń fi èdè Òyìnbó kọ ń tọ̀. Èébú ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ní 1968, Ngũgĩ, Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong ní kí yunifásítì Nairobi pa ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀ka lítíréṣọ̀ àti èdè Áfíríkà rọ́pò rẹ̀. Níhìn-ín, a fi ìwé Áfíríkà kún àwọn tí a ń kà, ó sì parí síbẹ̀. Ìwé Áfíríkà tí a fi kún un náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá oníjàálá. Ọdẹ àgbà yóò sun ìjálá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun tí yóò dé iwájú olùkọ́ ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá pẹ̀lú ìlà Yorùbá díẹ̀ tí kò ní àmì ohùn kan lórí. Ìjálá tí kò ní ohùn! Ọmọ náà lè gba máàkì tí ó ga jù, kí ó má sì lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ sókè.

Ẹ wá wo Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Èdè Faransé ni ó ń kọ́ ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1961 sí 1962 nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí a kò tí ì yé ṣe títí di òní. Bí ó bá gbé e fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kíláàsì, ta ni ìbá yẹ̀ ẹ́ wò? Ìṣọ̀lá yìí kan náà ni ó túmọ̀ eré Ṣóyínká sí Yorùbá ní 1994, Ikú Olókùn Ẹṣin. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù pé èdè abínibí yóò ba ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ fún èdè mìíràn, kí wọ́n ṣàlàyé ọkùnrin yìí fún mi.

Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bọ́ni. N kò jiyàn. Ebi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ọmọ náà má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè abínibí tí a fọwọ́ sí ní 2022, nítorí pé àwọn ọmọ tí a fi èdè ilé kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ àwọn Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní Ifẹ̀ láti 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀, tí Gómìnà Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí ní 2018: kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ fi Yorùbá kún ẹ̀kọ́ gbogboogbò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ gbogboogbò ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Inú iṣẹ́ àtinúdá gan-an ni kí èdè wọ̀.

Ẹ̀ka Yorùbá náà kò gbọdọ̀ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹjọ́ yìí. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń tú gbólóhùn palẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn kan ṣoṣo. Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹnu láti bú ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo ń béèrè fún kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yan iṣẹ́ àtinúdá fún àṣekágbá rẹ̀ lè kọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, kí ó sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ṣe tì í. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò yẹ ìtumọ̀ wò, olùkọ́ èdè yóò yẹ èdè wò, a ó pín máàkì sí méjì. Wọ́n yóò ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ọmọ Yorùbá. N kò sọ pé Yorùbá nìkan. Kí ọmọ Ìgbò kọ Ìgbò, kí ọmọ Haúsá kọ Haúsá. Bí ọmọ Ẹ̀gùn bá sì kọ tirẹ̀, tí kò sí olùkọ́ tí ó lè kà á, kí a ránṣẹ́ pe ẹni tí ó gbọ́ ọ láti Àgbádárìgì. Ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti Ọ̀jọ́ wà.