Ọdúnjọ Kò Gbọdọ̀ Di Àlejò Ní Lekki

Àwọn ará Scotland kò fi akéwì wọn ṣeré. Robert Burns, ọmọ àgbẹ̀ tí a bí ní ọjọ́ 25 oṣù Jánúárì 1759, tí ó sì kú ní 1796, fi èdè Scots kọ ewì nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ ń tì í. Títí di òní, bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, wọn a tẹ́ tábìlì, wọn a jẹun, wọn a sì ka ewì rẹ̀ sókè. A ń bi àwọn ènìyàn wa léèrè: ọjọ́ wo ni a yà sọ́tọ̀ fún Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ?

Olùkọ́ ni Olóyè Ọdúnjọ. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1904; ó di olóògbé ní 1980. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó di Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ipò mínísítà ni ó gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé wa, bí kò ṣe Aláwìíyé. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò jọ ń ka ìwé náà lórí bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ewì inú rẹ̀ kò gùn. Ọmọ ọdún méje a kọ́ ọ sórí, a sì máa rántí rẹ̀ títí ewú yóò fi bo orí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wà lónìí tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè ka ewì náà láì wo ìwé.

Ní 1962, nígbà tí a kéde òfin pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, Lekki, abúlé apẹja ìgbà náà, ni ìjọba àpapọ̀ fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí. Lónìí, láti Lekki dé Ajah, a ó kí ọmọ Yorùbá tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò bọ̀gìnnì ní "ẹ káàárọ̀", kò ní mọ èsì. Kì í ṣe àlejò ni ó fà á. Àwọn òbí ni, títí kan àwọn tí ó ń dé fìlà Awólọ́wọ̀ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ewì Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ ṣíṣe kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má fi ọrọ̀ òbí ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Bí ibì kan bá wà tí ìkìlọ̀ yìí tọ́ sí, Lekki ni.

Òfin wà. Ní oṣù Fẹ́búárì 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí èyí tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Èyí tí ó bá rú u lẹ́yìn ìkìlọ̀, títì ni a ó tì í, yóò sì san 500,000 náírà. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí. Ọ̀tọ̀ ni kí a fi èdè kọ́ ọmọ, ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọmọ ní èdè.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìjọba Èkó rán àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ lọ sí Lekki, Ṣàngótẹ̀dó, Badore àti Ajah. Kí wọ́n má wo ìwé olùkọ́ nìkan. Kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró dè wọ́n. Ọjọ́ 21 oṣù Fẹ́búárì ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí. Ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ewì Ọdúnjọ kan sókè láì wo ìwé, kí ẹ sì pe àwọn òbí wá gbọ́. Ẹ fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́.