Kí Ibi Iṣẹ́ Wa Gba Gbogbo Ènìyàn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní ìlú bàbá wa kí ó tó fún wa ní àyè ìjókòó. Ọmọ Àwórì onílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Ígbò tí òbí rẹ̀ ń tajà ní Ìkòtún ni ó jọ ń pín bẹ́ǹṣì kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Alímọ̀ṣọ́ rí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,270,000 níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí, púpọ̀ nínú wa ti di agbanisíṣẹ́. Àwọn kan ní ilé ìtajà oògùn ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn kan dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìgàndó. Ṣé a rí irú bẹ́ǹṣì yẹn láàrin àwọn òṣìṣẹ́ wa? "Ọmọ wa ni" ti di ìwé ẹ̀rí tí ó ju gbogbo ìwé ẹ̀rí lọ. Àwa tí a ń kọ èyí kò bọ́ nínú ẹ̀bi náà.

Ti àwọn akàndá ẹ̀dá tún burú jù. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jáde ń fi ọ̀pá rìn. Ó yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó. Nígbà tí ó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń dúró dè é. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Nígbà tí ó fi gun àtẹ̀gùn dé òkè, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù.

Òfin kò dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tí ó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá láti ọdún 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì ní kí ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ ọkàn ènìyàn di ọ̀tun.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí a mọ̀ ni a lè fọkàn tán. Òótọ́ ni pé olè ń dani láàmú, ṣùgbọ́n onídùúró àti ìwà ni a fi ń mọ olóòótọ́, kì í ṣe èdè ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníbàárà tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ ní ìsọ̀ wa yóò padà wá.

Ẹ rántí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Wọ́n gbójú fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ. Àwọn Àpọ́sítélì kò pa ìkùnsínú náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje sídìí iṣẹ́ náà, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àwọn tí a ti yọ sílẹ̀ wá ní ọwọ́ nínú àkóso.

Nítorí náà, bí àyè iṣẹ́ bá tún ṣí, ẹ jẹ́ kí a kéde rẹ̀ síta, kì í ṣe nínú ẹgbẹ́ wa nìkan. Bí ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn bá sì dé, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.