Ta Ló Ṣe Iṣẹ́ Náà? Orúkọ, Òǹkà àti Ẹ̀tọ́ Nínú Ìwádìí Ìjìnlẹ̀

Òfin ni pé kí àlejò tó bá gba pápákọ̀ òfurufú wọ ìlú Accra fi ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè kan hàn. Ìwé yìí ni ẹ̀rí pé onítọ̀hún ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Orúkọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn tó gún un wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gún un kò gbẹ́yìn. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni ibi tí oògùn ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí Accra.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1927, ní Kpeve, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gánà lónìí, oníṣègùn A. F. Mahaffy fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ibà pọ́njú ń ṣe. Asibi ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà kan. Ọ̀bọ náà kú, Asibi yè. Báyìí ni ìgbìmọ̀ Rockefeller, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yábàá ní ìlú Èkó, ṣe rí kòkòrò tí àwọn oníṣègùn ti ń wá láti ọdún gbọọrọ. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti N. Paul Hudson ni orúkọ wọn wà lórí àpilẹ̀kọ tó kéde rẹ̀ ní 1928. Stokes kò fojú rí i, ibà náà ti pa á ní Èkó ní 1927. Kòkòrò tí wọ́n rí lára Asibi yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ títí ó fi di oògùn 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Oògùn ọ̀hún sì ti wọ ara ọmọ aráyé ní ìgbà tó ju 500 mílíọ̀nù lọ.

Kí wá ni èrè Asibi nínú ìwé ìmọ̀? Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kòkòrò. Nínú àwọn ilé ìwádìí káàkiri àgbáyé, "Asibi" ni orúkọ ẹ̀yà kòkòrò ibà pọ́njú náà títí di òní olónìí. Orúkọ àwọn tó kọ ìwé di òǹkà ọlá. Orúkọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ di ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ní ọgbà Yunifásítì Gánà ní Legon, ilé ìwádìí ìṣègùn ńlá kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, tí wọ́n fi sọrí Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó wá ṣe ìwádìí ibà yìí ní Accra, tí ibà náà sì pa níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Ikú akọni ló kú, ilé náà sì ń ṣe iṣẹ́ takuntakun. Síbẹ̀, bakitéríà tí Noguchi sọ pé ó ń fa ibà pọ́njú kọ́ ló ń fà á, ẹ̀jẹ̀ Asibi ló sì là wá lójú sí èyí.

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi Asibi ṣe òǹkọ̀wé. Kò kọ ìwé, kò sì bá wọn dá ọ̀bọ mú. Ẹjọ́ tó wà ńlẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n tí ayé ìmọ̀ ń lò mọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà ní ìpín nínú ìmọ̀: kí orúkọ rẹ̀ wà lókè àpilẹ̀kọ. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀tọ́, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní nǹkan kan. Òṣùwọ̀n yìí ń ka orúkọ, kò sì béèrè iṣẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń bí àwọn àṣìṣe yòókù.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú Accra gan-an. Cicely Williams, oníṣègùn obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tọ́jú àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Princess Marie Louise. Ní 1933, ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú ara ọmọ wú, tó ń mú irun rẹ̀ pọ́n, tó ń mú awọ rẹ̀ bó, pàápàá ọmọ tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó tún kọ̀wé sínú jọ́nà Lancet ní 1935, ó pe àìsàn náà ní kwashiorkor, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ èdè Gã ni, tó túmọ̀ sí àìsàn ọmọ tí wọ́n rọ̀ lóyè nígbà tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀.

Kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo orúkọ yìí. Ìwádìí odindi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ìlú Accra ti wo ọmọ púpọ̀, wọ́n ti fi ti èyí wé ti tọ̀hún, wọ́n ti mọ ìgbà tí àìsàn náà ń wọlé, wọ́n ti rí i pé ọmọ tí ọmú bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ló ń mú. Wọ́n wá ká gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìyìn ni fún Williams tó tẹ́tí sí wọn nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn kò tẹ́tí, tó sì gbà pé ọ̀rọ̀ tiwọn ló yẹ àìsàn náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òǹkà, àpilẹ̀kọ 1935 ní òǹkọ̀wé kan péré.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òǹkọ̀wé lónìí kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní 1964, Eugene Garfield bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ atọ́ka kan jáde ní Philadelphia, tó ń fi hàn àpilẹ̀kọ tó tọ́ka sí òmíràn. Ohun tó dá a sílẹ̀ fún ni kí òǹwádìí lè rí iṣẹ́ tó bá tirẹ̀ tan. Láìpẹ́, wọ́n fi ìtọ́kasí wọnnì ṣírò iyì jọ́nà, wọ́n sì tún fi iyì jọ́nà ṣírò iyì ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé òǹkà h kalẹ̀: ẹni tó bá ní àpilẹ̀kọ 10, tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 10 ó kéré tán, 10 ni òǹkà rẹ̀. Òǹkà yìí kò bìkítà bóyá onítọ̀hún ló ṣe gbogbo iṣẹ́ ni, tàbí ó kàn wà láàárín èrò. Ní 2015, àpilẹ̀kọ físíìsì kan jáde láti CERN tó ní òǹkọ̀wé 5,154. Nínú ojú ìwé 33 rẹ̀, orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ilé iṣẹ́ wọn gba 24. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ní Áfíríkà, ìnira tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tún lé ní ìlọ́po. Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2019 yẹ àpilẹ̀kọ tó ju 7,000 lọ wò, èyí tí wọ́n kọ láàárín 2014 sí 2016 lórí ìlera ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú 100 wọn, bíi 13 ni kò ní òǹkọ̀wé kankan láti orílẹ̀-èdè tí ìwádìí náà dá lé lórí. Ó ju ìdajì lọ àwọn orúkọ tó wá láti orílẹ̀-èdè náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dínkù ní ipò ìkẹyìn, níbi tí wọ́n máa ń fi olórí iṣẹ́ sí. Ẹni tó gun ọ̀kadà wọ abúlé lọ gba ẹ̀jẹ̀ àti ìdáhùn, ẹni tó ṣe ògbufọ̀, ẹni tó mọ ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kí, àárín ni wọ́n ń há sí, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí àyè há.

Àwọn kan yóò ní òfin ti wà. Wọn kò purọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver ní 1978 ti là á sílẹ̀ pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kópa gidi nínú iṣẹ́, kó kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe, kó fọwọ́ sí i kó tó jáde, kó sì lè dáhùn fún un. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe ẹni tó lọ sí abúlé wá síbi ìkọ̀wé? Bí wọn kò bá pè é, kò lè kọ. Bí kò bá sì kọ, wọn yóò ní kò kúnjú òfin. Òfin náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìpè dí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́nà, àmọ́ ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tí kò kọ ìlà kan, tó kàn jẹ́ pé òun ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí, kì í pẹ́ kó tó bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní bí kò bá sí òǹkà, ojúsàájú ni yóò gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ yóò di ti ọmọ ìyá àti ará ìlú ẹni, pé nọ́ńbà kò mọ ẹbí. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, ẹni tó bá mọ yunifásítì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ní fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ṣé òǹkà ti lé ojúsàájú lọ? Ó kàn kọ́ ọ ní ìṣirò ni. Fi orúkọ mi sí tìrẹ, kí n fi tìrẹ sí tèmi, àwa méjèèjì yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà yóò kó àpilẹ̀kọ kan wá, ẹni tó ń pààrọ̀ orúkọ yóò kó ogún. Bí ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Gã, Ewe tàbí Yorùbá bá sì dé iwájú ìgbìmọ̀, atọ́ka òkèèrè kò mọ̀ ọ́n, òdo ni yóò gbà. Ní 2012, àwọn olóòtú jọ́nà pàápàá kéde ní San Francisco pé kò tọ́ kí wọ́n máa fi òṣùwọ̀n jọ́nà wọn ènìyàn. Kí ló dé tí àwọn tí òṣùwọ̀n ọ̀hún ń pa lára yóò fi jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò jù ú nù?

Kì í ṣe pé ọ̀nà mìíràn kò sí nílẹ̀ yìí rí. Babaláwo kì í déédéé bẹ̀rẹ̀ ìtàn inú ẹsẹ Ifá. Ó ń dárúkọ àwọn awo tó dá Ifá náà, ó ń dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Carl Reindorf, pásítọ̀ ọmọ Gã tó kọ ìtàn Gold Coast àti Asante, tí wọ́n tẹ̀ ní Basel ní 1895, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé òun fọ̀rọ̀ wá ènìyàn tó ju 200 lọ lẹ́nu wò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Samuel Johnson, tí ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, dárúkọ Josiah Oni, David Kukomi àti Tìmì Lágùnjú ti Ẹdẹ láàárín àwọn abẹ́nà ìmọ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó bu iyì àwọn méjèèjì kù. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pamọ́. Èkíní, kí fọ́ọ̀mù ìgbéga béèrè ohun tí ẹni náà ṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìgbìmọ̀ sì ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ka iye rẹ̀. Èkejì, kí àdéhùn lórí orúkọ wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ abúlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dárúkọ abẹ́nà ìmọ̀ àti ògbufọ̀ tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó ṣe. Aláìsàn tó bá fẹ́ ìpamọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i. Èyí kò ní kí wọ́n fi gbogbo ènìyàn pamọ́. Ètò kan tó ń jẹ́ CRediT ti wà láti bí ọdún 2014, tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14. Ó dára, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ èdè kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí ìtumọ̀ èdè, ọ̀pọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà kò lè kúrò lójú kan.

Ẹgbẹ́ Àwọn Yunifásítì Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ sí Accra, ìlú tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ kwashiorkor lẹ́nu àwọn ìyá. Kò sí òfin Philadelphia kankan tó ní kó má ṣe gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá ṣe é, ọmọ ilẹ̀ yìí tó mọ èdè, tó mọ ilé, tó mọ àìsàn, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ láìlórúkọ, yunifásítì tirẹ̀ yóò sì máa fi òǹkà ẹlòmíràn jẹ́rìí sí i pé kò ṣe nǹkan kan.